Kí mẹkáníìkì tó tú bóòtù àkọ́kọ́: Ẹ̀kọ́ òwò lára àwọn tó ń tún ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ṣe

Ọkọ̀ Chevrolet tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1955 ṣì ń kó èrò ní ìgboro Havana, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Kúbà. Ó ti pé àádọ́rin ọdún. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí bíréèkì rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn, síbẹ̀ owó tó ń pa lóòjọ́ ni odidi ìdílé kan fi ń jẹun. Irú ọkọ̀ yìí kan náà wà nínú gàráàjì olówó ní Amẹ́ríkà. Kì í jáde ju ọjọ́ mélòó kan lọ lọ́dún, gbogbo bóòtù rẹ̀ ló sì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Àwọn méjèèjì ni aráyé ń pè ní ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, ṣùgbọ́n òwò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tó jẹ́ èrè nínú ọ̀kan lè jẹ́ àdánù gbáà nínú èkejì. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe nínú méjèèjì lè fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ àṣelàágùn, kó sì jẹ gbèsè parí rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó ní ìsọ̀, ìbáà jẹ́ ìsọ̀ mẹkáníìkì, ti télọ̀ tàbí ti káfíńtà, wo bí àwọn ará Kúbà àti Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe òwò yìí.

BÍ ỌKỌ̀ AMẸ́RÍKÀ ṢE HÁ SÍ KÚBÀ

Kí Fidel Castro tó gba ìjọba ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1959, Kúbà wà lára ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ń tajà dáadáa. Chevrolet, Ford, Buick, Dodge, Plymouth àti Cadillac ló kún títì Havana. Nígbà tó di ọdún 1960, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà ọjà tó ń lọ sí Kúbà. Ní ọjọ́ keje oṣù Kejì ọdún 1962, òfin tí Ààrẹ John Kennedy fọwọ́ sí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, káràkátà láàrin orílẹ̀-èdè méjèèjì sì dáwọ́ dúró. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tuntun kò ti Amẹ́ríkà wá mọ́, ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà kò sì wá mọ́.

Òfin Kúbà fúnra rẹ̀ tún dá kún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tó ti wà nílùú kí ìjọba Castro tó dé nìkan ni aráàlú láǹfààní láti rà tàbí tà fàlàlà. Lada àti Moskvich tó ń ti Soviet Union wá, ìjọba ló ń pín wọn fún ẹni tó bá wù ú, ẹni tó bá gbà á kò sì gbọ́dọ̀ tà á bó ṣe fẹ́. Ọdún 2011 ni wọ́n tó tú òfin náà. Nígbà tí ìjọba wá fàyè gba títa ọkọ̀ tuntun ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, owó tó lé ní 260,000 dọ́là ni wọ́n kọ sára Peugeot 508 kan. Òṣìṣẹ́ wo ló fẹ́ rí irú owó bẹ́ẹ̀ san?

Bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe di ogún ìdílé nìyẹn. Iye tí wọ́n sábà máa ń fojú dá ni pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tó wà ní Kúbà tó 60,000. Almendrón ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn èso almond ńlá, nítorí bí ara rẹ̀ ṣe rí rọ̀bọ̀tọ̀. Nígbà tí Soviet Union túká lọ́dún 1991, ìrànwọ́ tó ń ti ibẹ̀ wá dáwọ́ dúró, ebi àti ọ̀wọ́n epo sì wọ ìlú. Lọ́dún 1993, ìjọba gbà kí aráàlú máa dá iṣẹ́ ara wọn ṣe nínú àwọn iṣẹ́ kan. Díẹ̀díẹ̀, ẹni tí bàbá rẹ̀ fi irin àtijọ́ sílẹ̀ fún lẹ́yìnkùlé wá rí i pé irin náà lè di takisí.

Ilẹ̀ Kúbà kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ọmọ Yorùbá. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ láyé àtijọ́ ló gbé ìsìn Ògún, òrìṣà irin, débẹ̀, wọ́n sì ń bọ ọ́ níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá rí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń fi òòlù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin àti iná ìjórin sọ òkú ọkọ̀ di alààyè, á mọ̀ pé iṣẹ́ Ògún kò tíì parun ní erékùṣù náà.

ỌKỌ̀ KAN, ONÍBÀÁRÀ MẸ́TA

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kalẹ̀ láti tún un ṣe lè ní irú oníbàárà mẹ́ta lọ́kàn.

Èkíní ni èrò ojú títì. Ní Havana, almendrón máa ń ná ojú ọ̀nà kan pàtó, àwọn tí kò mọ ara wọn rí á sì jọ wọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ dánfó. Èrò báyìí kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ohun tó fẹ́ ni kó tètè débi tó ń lọ, kí owó rẹ̀ má sì pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tó ni ọkọ̀ kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó yọ ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tó ń mu epo bí ẹja, kó sì fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ti Toyota, Hyundai, Mercedes tàbí Peugeot sípò rẹ̀. Àwọn kan tún máa ń fi àga kún inú ọkọ̀ kó lè gba èrò sí i.

Ìkejì ni arìnrìn-àjò afẹ́. Èyí ń sanwó wákàtí, ó fẹ́ ya fọ́tò, ó sì fẹ́ kí afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ sí òun lójú. Ọkọ̀ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń wá. Nítorí rẹ̀ ni àwọn kan ní Havana ṣe gé òrùlé ọkọ̀ tí kì í ṣe alápá-ṣíṣí látilẹ̀wá. Ẹ́ńjìnnì yòówù kó wà nínú rẹ̀, kò kàn án, bí kò bá ṣáà ti ń rú èéfín.

Ìkẹta ni olówó tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà. Òun ní tirẹ̀ máa ń mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá ti ọkọ̀ mu, bóyá ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi kùn ún lọ́jọ́sí, bóyá aṣọ àga rẹ̀ bá ti ọdún náà mu. Lójú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Toyota nínú Chevrolet jẹ́ àbùkù ńlá. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ló ń bọ́ ìdílé ẹni tó ń ná ojú ọ̀nà ní Havana.

Ìpinnu yìí gbọ́dọ̀ wáyé kí mẹkáníìkì tó tú bóòtù àkọ́kọ́, nítorí kò ṣeé yí padà lọ́fẹ̀ẹ́. Òrùlé tí wọ́n bá ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti tà fún alájẹkù irin kò ní í padà wá. Ẹni tó bá sì fi oṣù mẹ́ta wá bóòtù tó jẹ́ ti ọdún 1955 gan-an fún ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kó èrò, oṣù mẹ́ta ló sọnù yẹn.

IBI TÍ IṢẸ́ TI LE

Bọ́dì ni iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà ìgbà náà ní ṣaṣí irin tó dá dúró, bóòtù ni wọ́n sì fi de bọ́dì mọ́ orí rẹ̀. Èyí rọ ẹni tó ń tún un ṣe lọ́rùn, torí ó lè gbé bọ́dì kúrò, kó tún ìsàlẹ̀ ṣe tán, kó tó dá a padà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun kì í fi irin lọ́rùn sílẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ibi tí táyà ń yí sí ni ìpẹtà ti máa ń jẹ irin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é ni kí wọ́n gé irin tó ti jẹrà kúrò, kí wọ́n jó irin tuntun tó nípọn bákan náà síbẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà kùn ún nínú lóde. Bí àwọn kan ṣe ń ṣe é ni kí wọ́n fi pútì dí ihò, kí wọ́n sì fọ́n ọ̀dà lé e lórí. Ọkọ̀ méjèèjì á máa dán yinrin lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá gbé e. Kò ní í pẹ́ tí omi á fi wọ abẹ́ pútì, ọ̀dà á wú, oníbàárà á sì padà wá pẹ̀lú ariwo. Ẹni tó fẹ́ gé òrùlé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi irin líle kún abẹ́ rẹ̀ kó tó gé e, nítorí òrùlé wà lára ohun tó di bọ́dì mú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àárín ọkọ̀ á tẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní í tì mọ́.

Ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀lé e. Chevrolet ọdún 1955 jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì méjì: èyí tó ní sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀léra tó jẹ́ 3.9 lítà, àti V8 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà tó jẹ́ 4.3 lítà. Ẹni tó fẹ́ dá irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ padà sípò máa gbẹ́ inú sílíńdà fẹ̀ díẹ̀, á wá písítìnì tó fi ìwọ̀nba tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á lọ ojú kíráǹkì, á sì pààrọ̀ àwọn bíárìn. Nǹkan kan tún wà tí èèyàn lè gbàgbé. Láyé ìgbà náà, wọ́n máa ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù, òjé yẹn ló sì ń dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó lé. Amẹ́ríkà ti fòfin de epo olójèé fún ọkọ̀ ojú títì láti ọdún 1996. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó máa fi epo òde òní ṣiṣẹ́ agbára nílò ìjókòó fáàfù tí irin rẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rọ́pò kò bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó máa ṣe irin ìjókòó tuntun fún ẹ́ńjìnnì náà, ó máa gé ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn tàbí kó fi kún un, ó máa rí i pé jíà bá ẹ́ńjìnnì mu, ó sì máa wo rédíétọ̀ bóyá ó lè tù ú. Iye tí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì lè kéré sí iye tí wọ́n máa ná kó tó jókòó dáadáa. Ẹni tó bá díyelé ẹ́ńjìnnì nìkan ti ṣì í láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bíréèkì kò gba àwàdà rárá. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ọdún 1955 ń lo òpó omi bíréèkì kan ṣoṣo fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ibì kan bá jò, bíréèkì lọ pátá nìyẹn. Nǹkan bí ọdún 1967 ni àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní òpó méjì, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ṣì lè dá ọkọ̀ dúró. Olówó tó ń kó ọkọ̀ jọ lè ní kí wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó máa kó ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní òpó méjì. Ìsọ̀ tó bá gbé ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dájú jáde ti fi ẹ̀mí èèyàn ta tẹ́tẹ́.

Iná ọkọ̀ náà ní tirẹ̀ nínú. Chevrolet ọdún 1954 sẹ́yìn ń lo bátìrì 6 fóòtì, láti ọdún 1955 ló ti di 12 fóòtì. 12 fóòtì ni gílóòbù, rédíò àti bátìrì tó kún ọjà. Ọdún kan péré ló wà láàrin àwọn ọkọ̀ méjèèjì, àmọ́ ẹni tí kò bá béèrè ọdún ọkọ̀ dáadáa kó tó dá owó iṣẹ́ rìwáyà máa kàbámọ̀.

OWÓ LÓ Ń TÁN TÀBÍ ÀKÓKÒ?

Fún Chevrolet ọdún 1955 sí 1957, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yà ara tí wọn kì í ṣe ní tuntun ní Amẹ́ríkà, láti orí rọ́bà ilẹ̀kùn dórí bọ́ńpà, kódà wọ́n ń ṣe odidi bọ́dì irin. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ kàn máa fi ránṣẹ́ ni. Ní Kúbà, ẹbí tó wà ní Miami lè kó díẹ̀ wá nínú báàgì, ìyókù di ohun tí wọ́n ń rọ fúnra wọn. Ẹ̀yà kan tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti rà ní Amẹ́ríkà lè gba ọjọ́ mẹ́ta láti ṣe ní Havana. Owó ló ń tán lọ́wọ́ tibí, àkókò ló ń tán lọ́wọ́ tọ̀hún. Oníṣòwò tó gbọ́n gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì fi í sínú iye tó ń pè.

Wákàtí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í kà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá tú palẹ̀ pátápátá, tí wọ́n sì dá padà bíi tuntun, lè gba 1,000 wákàtí iṣẹ́, òmíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìyẹn. Ká ní ọ̀gá ìsọ̀ fojú wo ọkọ̀, ó sì dá owó 600 wákàtí lé e. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí sí 1,000, ó ti fi 400 wákàtí, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ta oníbàárà lọ́rẹ. Owó ilé ìsọ̀, owó iná àti oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yẹn, àpò ta ni wọ́n ti máa yọ ọ́?

Ohun tó ń fa àṣìṣe yìí ni pé ọ̀dà bo ìpẹtà mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ iye irin tó ti jẹrà títí wọ́n á fi họ ọ̀dà kúrò. Nítorí náà, àwọn ìsọ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í dá owó gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ́kọ́ gba owó títú ọkọ̀ palẹ̀ àti híhọ ọ̀dà rẹ̀, wọ́n á pe oníbàárà wá wo ohun tí wọ́n rí, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ dá owó irin jíjó. Bí èyí bá parí, ó di owó ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn rẹ̀ owó ọ̀dà àti àga. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní owó àsansílẹ̀ tirẹ̀. Bí owó oníbàárà bá tán láàrin méjì, owó ìsọ̀ kò bá a lọ.

Wọ́n tún máa ń ya fọ́tò ibi gbogbo kí wọ́n tó tú u, wọ́n á kó bóòtù ibì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sára. Ọkọ̀ tí wọ́n tú ní oṣù Kìn-ín-ní, tí wọ́n sì fẹ́ tò padà ní oṣù Kẹjọ, kò sí ọpọlọ tó lè rántí ibi tí gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti wá. Fọ́tò yìí kan náà tún ń parí ìjà nígbà tí oníbàárà bá sọ pé ibi kan kò fọ́ nígbà tí òun gbé ọkọ̀ wá.

OWÓ TÓ WỌLÉ KỌ́ NI ÈRÈ

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá ṣì ń rìn, àtúnṣe rẹ̀ kò lè tán. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni bóyá owó àtúnṣe náà ti wà nílẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́, tàbí wọ́n máa sáré yá a.

Ká ní ọkọ̀ takisí kan ń pa 10,000 lóòjọ́, owó orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́. Epo gba 4,000, awakọ̀ gba 2,500. Ó ku 3,500. Ọ̀pọ̀ ló máa na èyí tán lálẹ́ ọjọ́ náà, torí wọ́n gbà pé èrè ni.

Ṣùgbọ́n ká wò ó dáadáa. Táyà mẹ́rin tó jẹ́ 240,000, tó sì ń lo 300 ọjọ́ iṣẹ́, ń jẹ 800 lóòjọ́. Títún ẹ́ńjìnnì ṣe pátá tó máa gba 540,000 lẹ́yìn 900 ọjọ́ iṣẹ́ ń jẹ 600 lóòjọ́. Ìwé àṣẹ àti owó orí ń jẹ 500. Ọ́ìlì, bíréèkì, gílóòbù àti àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ń jẹ 700. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,600. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú 3,500, 900 péré ni èrè ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n iṣẹ́ nínú oṣù, ẹni tí kò ṣírò gbà pé òun jèrè 87,500. Èrè rẹ̀ gan-an jẹ́ 22,500. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, ìyẹn 65,000, ni ẹ́ńjìnnì àti táyà ọjọ́ iwájú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti ń jẹ ọkọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi 2,600 yẹn sínú àjọ tàbí báńkì lójoojúmọ́ kò ní í sá fún mẹkáníìkì lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá dákú.

Ìṣirò yìí kan ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta. Ẹ̀rọ yòówù tó ń pawó ń gbó lọ bó ṣe ń pa á.

Ọ̀NÀ KAN Ò WỌ ỌJÀ

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2014, Ààrẹ Barack Obama àti Raúl Castro kéde pé Amẹ́ríkà àti Kúbà fẹ́ padà máa ṣe pọ̀. Obama fúnra rẹ̀ lọ sí Havana ní oṣù Kẹta ọdún 2016. Oṣù Karùn-ún ọdún náà ni ọkọ̀ ojú omi afẹ́ tó ti Amẹ́ríkà wá gúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló fẹ́ gun Chevrolet pupa. Lọ́dún 2018, àlejò tó wọ Kúbà tó mílíọ̀nù 4.7.

Ọjà yá, ọ̀pọ̀ sì dojú kọ arìnrìn-àjò afẹ́ nìkan. Ẹni tó ń kó èrò tẹ́lẹ̀ rí i pé wákàtí kan pẹ̀lú àlejò lè pa ju odidi ọjọ́ lójú ọ̀nà lọ. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí.

Àmọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ìjọba Donald Trump fòfin de ọkọ̀ ojú omi afẹ́ tó ń ti Amẹ́ríkà lọ sí Kúbà. Lọ́dún 2020, àrùn kòrónà ti pápákọ̀ òfurufú pa. Àlejò kò padà wá bíi ti tẹ́lẹ̀: lọ́dún 2024, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.2 ni wọ́n. Epo náà tún wọ́n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba Kúbà sọ lítà bẹntiróòlù kan tó jẹ́ 25 pesos di 132 pesos.

Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, ṣùgbọ́n kò kàn wọ́n bákan náà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ní òrùlé, tó sì ń lo ẹ́ńjìnnì tí kì í mu epo púpọ̀, ṣì lè wá èrò tó ń lọ síbi iṣẹ́, torí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọkọ̀. Ẹni tó ti gé òrùlé ọkọ̀ tirẹ̀ kò lè kó èrò nígbà òjò. Ohun tó sọ ọkọ̀ rẹ̀ di ààyò àlejò ni kò jẹ́ kó wúlò fún ará ilé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí oníṣòwò sá fún oníbàárà tó ń sanwó gọbọi. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí owó ńlá bá ń wọlé láti ojú kan, kí wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ la ojú kejì. Ìsọ̀ tó mọ irin jó fún ọkọ̀ àtijọ́ lè jó géètì. Ẹni tó mọ ọ̀dà kùn fún ọkọ̀ lè kun fíríìjì àti ibùsùn onírin. Ìgbà tí ọjà ṣì ń yá ló yẹ kí wọ́n ti jẹ́ kí aráàlú mọ̀ pé àwọn ń ṣe é.

OHUN TÍ ONÍṢÒWÒ LÈ MÚ LÒ

1. Kó kọ orúkọ ẹni tó máa sanwó àti ohun tí onítọ̀hún ń wá sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ tó ń ran aṣọ ọmọ ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ rán an bí aṣọ ìyàwó, ìnáwó rẹ̀ kò ní í padà.

2. Kó ya ohun tí kò ṣeé yí padà sọ́tọ̀, kó sì fi í sẹ́yìn. Òrùlé ni ti ọkọ̀, aṣọ tí wọ́n ti gé ni ti télọ̀, pákó tí wọ́n ti rẹ́ ni ti káfíńtà.

3. Kó dá owó iṣẹ́ tí kò rí ìdí rẹ̀ ní ìpele-ìpele, kó sì gba owó àsansílẹ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Kí rìsíìtì wà fún un.

4. Kó má fi ẹ̀dínwó kankan kan ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀mí. Bí oníbàárà bá ní owó òun kò tó bíréèkì, kí wọ́n dín ọ̀dà kù.

5. Kó yọ owó ìgbó ẹ̀rọ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, kó tó pe ìyókù ní èrè.

6. Kó wo ìwé owó rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ìdajì owó tó ń wọlé bá ti ń ti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ṣoṣo wá, àkókò ti tó láti wá òmíràn kún un.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí lè mú iṣẹ́ kan tó parí lóṣù tó kọjá, kó kọ iye tó gbà lórí rẹ̀, kó yọ owó ọjà kúrò, kó sì fi iye wákàtí tó lò pín ìyókù. Bí iye tó bá jáde bá kéré sí iye tó ń san fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní wákàtí kan, owó tó ń pè ló yẹ kó kọ́kọ́ tún ṣe.